Ẹ Má Fi Ìgbàgbọ́ Bo Àìlówó Oògùn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í sábà dé orí àga ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ oògùn ni. N kò sọ ti oògùn orí fífọ́, bí kò ṣe èyí tí dókítà kọ fún ni pé ojoojúmọ́ ni kí á máa lò ó: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, ti wárápá, àti èyí tí àwọn tí asima ń bá jà ń fà sẹ́nu kí èémí wọn lè já geere. Ẹni tí ó ti lọ rà lára wọn mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ ó ka owó láti ilé lọ, ẹ ó dé ibẹ̀, wọ́n á ní iye ti oṣù tó kọjá kọ́ ni ti òní.

A mọ ibi tí ọ̀wọ́ngógó yìí ti wá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn tí à ń lò ní Nàìjíríà, òkè òkun ni ó ti ń wá. Èyí tí a tilẹ̀ ń ṣe nílé, òkè òkun ni a ti ń ra ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ọ̀nà ìṣẹ́wó padà ní June 2023, dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì fò sókè títí ó fi kọjá ₦1,500 ní February 2024. Ní August 2023 ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tí ó ti wà láàárín wa láti 1971, kéde pé òun ń kógbá sílé. Nígbà tí ó di November, Sanofi náà ní àwọn alágbàtà ni yóò máa bá òun ta oògùn òun níbí. Ventolin, àti Augmentin tí àwọn ìyá ọlọ́mọ mọ̀ bí ẹní mowó, wọ́n bí ojú, owó wọn sì lé ní ìlọ́po méjì. Ní June 2024 Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n má gba owó ibodè lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí a fi ń ṣe oògùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í hù lóru bí olú, ẹni tí oògùn rẹ̀ tán lánàá kò sì lè dúró dè é.

Síbẹ̀, owó náà kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, bí kò ṣe ohun tí à ń ṣe ní kọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ wo bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í dé déédéé. Bàbá á kọ́kọ́ dá hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sí méjì. Nígbà tó bá yá, wọ́n á lò ó lónìí, wọ́n á fi tọ̀la sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí páálí yóò fi ṣófo. Bí màmá bá béèrè, bàbá á ní, "Olúwa ti wò mí sàn." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé àìlówó ni ó wọ ẹ̀wù ìgbàgbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Olúwa ń wo aláìsàn sàn. Àwọn ìjọ kan sì wà tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yan àdúrà láìlo oògùn. N kò wá bá wọn jiyàn. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ó gbà pé oògùn náà wúlò, tí ì bá sì rà á ká ní owó wà. Nígbà tí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké pe Jésù nínú Lúùkù 17, ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ni ó rán wọn lọ, nítorí àlùfáà ni òfin Mósè fún ní iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá gbà pé òun ti rí ìwòsàn, kí ó jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, kí dókítà fúnra rẹ̀ dá oògùn náà dúró.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara lè le koko lówùúrọ̀, kí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ènìyàn wólẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá já oògùn wárápá lójijì, gìrì lè máa gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ínsúlínì kò lè fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láìfi ẹ̀mí wewu. Ti hóró tí à ń dá sí méjì yìí ńkọ́? Wọ́n ṣe àwọn oògùn kan kí ó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí ẹ bá dá a tàbí tí ẹ lọ̀ ọ́, gbogbo agbára rẹ̀ lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì yá oògùn lọ́wọ́ ara yín: lisinopril tí ìyá àgbà ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣe ọmọ inú aboyún ní jàǹbá.

Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Máàkù 5 mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 12 ni ó fi gbé àìsàn náà, ohun ìní rẹ̀ ti bá owó oníṣègùn lọ, ó sì yọ́ gba ẹ̀yìn wá láàárín èrò. Jésù kò jẹ́ kí ó yọ́ lọ. Ó dúró, ó béèrè, títí obìnrin náà fi jáde wá tí ó sì sọ gbogbo òtítọ́. Mo máa ń ronú sí ibẹ̀ yẹn: ara ti yá ná, kí ni ó tún kù? Ó ku ìtìjú.

Iwájú dókítà ni kí á ti kọ́kọ́ sọ òtítọ́ náà. Ẹ sọ pé, "Dókítà, apá mi kò ká owó oògùn yìí mọ́." Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oògùn kan náà sábà máa ń ní orúkọ méjì: èyí tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́, àti orúkọ rẹ̀ gan-an. Norvasc ni Pfizer sọ tirẹ̀, amlodipine ni oògùn náà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe amlodipine tí owó rẹ̀ kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Glucophage àti metformin, Ventolin àti salbutamol. Bí ó bá ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹ sì rà á ní ilé oògùn tí apoògùn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá dẹ́rù bà yín. Dókítà tún lè rí i pé nínú oògùn márùn-ún tí à ń lò, ọ̀kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni kí ó yọ ọ́, kì í ṣe àpò wa.

Oògùn inú ọkọ̀ èrò àti ti orí àtẹ, ẹ má sún mọ́ ọn. Ní February 2025 NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ti Onitsha àti ti Aba pa nítorí ayédèrú.

Ó wá ku ìjọ. Nígbà tí ará Samáríà inú Lúùkù 10 gbé ẹni tí àwọn olè ṣá lọ́gbẹ́ dé ilé èrò, ó san dínárì méjì, ó sì ṣèlérí pé bí ìnáwó náà bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san ìyókù bí òun bá padà dé. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ ìwòsàn sílẹ̀: Fáda Coquard ti ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895, àwọn Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Lónìí, òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò sí nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni ó ń san. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn, bíi Ìlera Èkó, tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń ra aṣọ tuntun fún gbogbo ìkórè lè fi ọdún kan san ti àwọn opó inú ìjọ.

Bí ìjọ yóò bá sì ran ẹnìkan lọ́wọ́, kí wọ́n gba ìwé oògùn rẹ̀, kí wọ́n san owó náà fún apoògùn, kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ nínú ìkéde. Òótọ́ ni pé obìnrin yẹn sọ tirẹ̀ níwájú èrò, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Màmá tí alága bá pè síwájú ìjọ nítorí oògùn àtọ̀gbẹ lónìí, bí ó bá tán lóṣù tó ń bọ̀, wọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́.