Omi Kan Náà, Oko Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Erékùṣù Bali

Àṣìṣe kan wà tí àwọn aláṣẹ tí ó ní èrò rere pàápàá máa ń ṣe. Wọn a bá ohun kan tí ó ń lọ déédéé, wọn kò ní bèèrè ohun tí ó mú un lọ déédéé, wọn a sì tú u ká ní orúkọ ìlọsíwájú. Ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ rí ní erékùṣù Bali, ní ilẹ̀ Indonesia, yẹ ní àgbéyẹ̀wò fún gbogbo wa.

Orí ilẹ̀ òkè tí a gé ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn ni àwọn ará Bali ti ń gbin ìrẹsì, omi a sì máa ti oko kan ṣàn bọ́ sí òmíràn. Àwọn àgbẹ̀ tí ń pín omi kan náà lò a wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní subak, ètò tí ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nínú tẹ́ḿpìlì omi ni wọ́n ti ń dá ọjọ́ tí a ó gbìn àti ìgbà tí ilẹ̀ yóò sinmi.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: kí ló dé tí ẹni òkè, tí omi kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò gbà á tán? Kòkòrò ni ìdáhùn. Bí oko ìsàlẹ̀ kò bá rí omi lásìkò, ìgbìn rẹ̀ yóò pẹ́. Nígbà tí a bá kórè tán lókè, kòkòrò yóò ṣí lọ síbẹ̀, yóò pọ̀ sí i, yóò sì padà wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ gbìn, tí wọ́n jọ kórè, gbogbo ilẹ̀ yóò ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, ebi yóò sì pa kòkòrò. Àwọn àgbà wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn. Síbẹ̀, bí gbogbo erékùṣù bá gbìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, omi kò ní tó. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni ètò tẹ́ḿpìlì dúró sí.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀, èrò rere sì ni. Wọ́n mú ìrẹsì tuntun tí ń tètè gbó wá, pẹ̀lú ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò, wọ́n sì rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n máa gbìn láìdúró de ọjọ́ tẹ́ḿpìlì. Kò pẹ́ tí ètò omi fi dàrú, tí kòkòrò sì bo oko. A fín oògùn títí, kòkòrò kò tán. Ní 1986, ìjọba Indonesia fúnra rẹ̀ fi òfin de oríṣi oògùn 57 lórí oko ìrẹsì. Àwọn àgbẹ̀ padà sí ètò àtijọ́.

Ọ̀mọ̀wé J. Stephen Lansing àti James Kremer, ará Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà yẹ ọ̀ràn náà wò, ní ti subak 172 tí ó wà lẹ́bàá odò Oos àti Petanu. Wọ́n jẹ́ kí subak kọ̀ọ̀kan máa wo aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì ṣe bí ẹni tí ìkórè rẹ̀ dára jù. Láìsí ọba tí ó pàṣẹ, ètò tí ó jọ ti tẹ́ḿpìlì yọ jáde, ìkórè sì pọ̀ sí i. Ní 2012, àjọ UNESCO ka ètò subak mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun àtijọ́ nìkan ni ó dára. Àwọn àgbẹ̀ Bali kò da ìrẹsì tuntun nù. Ọgbọ́n ìgbà tí a ń gbìn ín ni wọ́n gbà padà. Ohun tí a ń wí ni pé oko, omi, kòkòrò àti ènìyàn so mọ́ra wọn, ẹni tí ó bá sì fa ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni ó fà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí aṣojú yín bá gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí omi, igbó tàbí ọjà, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó bi í pé: ta ni ó ti ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ti bi wọ́n léèrè? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìbéèrè yìí kan náà, nítorí àwọn ni yóò di aláṣẹ lọ́la.