Ọkọ̀ eré-ìje kékeré: Táyà tó di ilẹ̀ mú sàn ju ẹ́ńjìnnì alágbára lọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn yóò rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n, gígùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ẹni tó ń wà wọ́n á sì dúró lókèèrè, á máa fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ darí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tó ń fi wọ́n díje kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Inú pápá oníyẹ̀pẹ̀ tí òkìtì àti kọ́nà pọ̀ sí ni wọ́n ti ń sá eré náà, ìdíje kan kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún yìí, ẹni tí táyà rẹ̀ bá di ilẹ̀ mú dáadáa ló máa ń borí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù.

Ilé-iṣẹ́ Tamiya ti orílẹ̀-èdè Japan wà lára àwọn tó sọ eré yìí di ohun tí ayé mọ̀, nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Rough Rider jáde lọ́dún 1979. Lọ́dún 1984, Team Associated, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní RC10. Ọkọ̀ ìdíje gidi ni wọ́n ṣe é sí: álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì ní epo nínú bíi ti ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Del Mar, ní California kan náà, lọ́dún 1985, RC10 ni Jay Halsey fi gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Láti ìgbà náà wá, ohun kan náà ni àwọn olùdíje ń wá: bí agbára ẹ́ńjìnnì yóò ṣe dé orí ilẹ̀ láìṣòfò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ wọn bá ti ń gbẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i ni wọ́n máa ń sáré lọ rà. Owó á lọ, ọkọ̀ á sì tún burú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, ìbáà jẹ́ kó sáré, kó yà tàbí kó dúró, ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀ ló ti ń ṣe é, ibẹ̀ yẹn kò sì tóbi rárá. Táyà ní ìwọ̀n tó lè dì mú. Bí agbára tí ẹ́ńjìnnì rán sí i bá ti ju ìwọ̀n náà lọ, yóò máa yí lórí asán ni, yóò máa tu eruku, ọkọ̀ kò sì ní í tètè kúrò lójú kan. Bó bá jẹ́ inú kọ́nà ló ti ṣẹlẹ̀, ìdí ọkọ̀ á yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á sì kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Táyà ni ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Rọ́bà tó rọ̀ máa ń wọ inú gbogbo ihò kéékèèké tó wà lójú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dì mú ju èyí tó le lọ, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń jẹ. Lórí ilẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tú, táyà tó ní ìka gígùn bí ẹ̀gún ni wọ́n ń lò, kí ìka náà lè gún eruku kọjá dé ibi tó le. Lórí amọ̀ tó ti gan, tí rọ́bà táyà ti mú kó dúdú tó sì ń dán, ṣe ni ìka gígùn á kàn máa tẹ̀, ọkọ̀ á sì máa mì. Táyà tí ìka rẹ̀ kúrú, tàbí èyí tó tilẹ̀ ti jẹ díẹ̀, ló dára níbẹ̀. Wọn kì í fọn afẹ́fẹ́ sínú àwọn táyà wọ̀nyí. Fóòmù ni wọ́n ń ki sínú wọn, wọ́n á wá fi súpà gúlù lẹ̀ wọ́n mọ́ rímù. Wọ́n tún máa ń lu ihò kékeré sí rímù tàbí táyà kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá fò balẹ̀ láti orí òkìtì, dípò kó ta padà bíi bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn táyà ló kan ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ̀ẹ́ kí táyà kúrò nílẹ̀, nítorí táyà tó wà lófuurufú kò lè di nǹkan kan mú. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò epo ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ bí epo náà ṣe ki tó. Bí epo bá ki jù, ọkọ̀ á máa ta lórí ilẹ̀ gbágungbàgun; bó bá ṣàn jù, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á máa gbá ilẹ̀ nígbàkígbà tó bá fò. Olùdíje tó ń lo epo 35 lè bọ́ sí 30 bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun tàbí bí òtútù bá mú, torí òtútù a máa mú epo ki, oòrùn a sì máa mú un ṣàn. Sípíríǹgì ẹ̀yìn tó rọ̀ náà ń ṣèrànwọ́: ó ń jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ jókòó nígbà tó bá gbéra, kí ìwúwo lè bọ́ sórí táyà tó ń ti ọkọ̀ lọ.

Ìwúwo yìí gan-an ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Nínú RC10 àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì wà, èyí tó dára lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ pápá di kápẹ́ẹ̀tì tàbí koríko àtọwọ́dá, tí táyà ẹ̀yìn kò ṣòro láti dì mú mọ́, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá sí àárín kí iwájú lè wúwo, kí ọkọ̀ sì lè yà dáadáa. Ẹni tí kò lè gbé ẹ́ńjìnnì lè sún bátìrì. Bó bá sún un sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á dì mú sí i, ṣùgbọ́n iwájú á fúyẹ́, ọkọ̀ á sì máa kọ̀ láti yà. Ohun tí a bá fi kún iwájú, ara ẹ̀yìn la ti yọ ọ́.

Ìdúró táyà náà ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú táyà á sì fẹ́ ṣí kúrò nílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ orí táyà sínú, bíi dìgírì 1 tàbí 2, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀ nínú kọ́nà. Iwájú àwọn táyà ẹ̀yìn méjèèjì náà máa ń kọjú síra wọn díẹ̀, bíi dìgírì 3, kí ìdí ọkọ̀ lè dúró ṣinṣin. Bó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á lọ́ra. Kílọ́ọ̀ṣì kékeré kan tún wà tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì tú tàbí dì. Bí wọ́n bá tú u díẹ̀, kò ní í jẹ́ kí agbára já lu táyà lójijì. Bí wọ́n bá tú u jù, ooru á jó o.

Yorùbá tún sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yí dànù gbọ́dọ̀ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀: ṣé ìgbà tó ń wọ kọ́nà ni, ṣé àárín rẹ̀ ni, àbí ìgbà tó ń jáde? Bó bá jẹ́ ìgbà tó ń jáde, tó sì ń fún un níná, táyà ẹ̀yìn, sípíríǹgì ẹ̀yìn àti kílọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìgbà tó ń wọ kọ́nà, ó ṣeé ṣe kí iwájú máa dì mú ju ẹ̀yìn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kó yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó sá eré díẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹni tó bá yí táyà, epo àti bátìrì padà pọ̀ kò ní í mọ èyí tó tún ọkọ̀ ṣe, kò sì ní í mọ èyí tó bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí kò ná ènìyàn ju ìgò epo kan tàbí àkókò díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe wọ́n tán lè wá rí i pé ẹ́ńjìnnì tí òun fẹ́ jù nù ti tó òun lò láti ọjọ́ yìí wá.