Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé àti Ìwé Àkọsílẹ̀

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní ìlú Kétu fi di ọgbà.

Ní ọdún 12 sẹ́yìn, ilẹ̀ gbígbá lásán ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyàwó ilé náà gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Kò pé oṣù kan tí ewúrẹ́ fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ọdún kejì, ó gbin lápálàpá yí ilẹ̀ náà ká. Ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ní oró, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ kí ó tó so, kí àwọn ọmọ má baà jẹ ẹ́. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ọkọ rẹ̀ gbin igi ọsàn kan sí àárín.

Igi ọsàn dàgbà, òjìji rẹ̀ sì bo ilẹ̀. Ewédú abẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, nítorí oòrùn ni ewédú fẹ́. Ọkọ fẹ́ gé igi náà, ìyàwó kọ̀. Ó kó ewédú lọ sí ibi tí oòrùn ń ràn sí, ó sì gbin kókò àti ata ilẹ̀ sábẹ́ igi, nítorí àwọn wọ̀nyí ń fara da òjìji.

Ní ọdún kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí, fẹ́ kọ́ yàrá 3 sórí ọgbà náà fún àwọn ayálégbé.

“Ìyàwó, ewébẹ̀ kì í mú owó wọlé,” ni ó wí.

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde. Láti ìgbà tí ó ti kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà ni ó ti ń kọ ohun tí ó tà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á fún yín.”

Ọmọ kà á láti ojú ìwé kan dé òmíràn: ewédú, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, owó tí ó wọlé, àti owó aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí a fi san. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Níkẹyìn, wọ́n fi ẹnu kò. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́, sí igun tí ohunkóhun kì í ti í hù dáadáa. Omi òjò láti orí òrùlé rẹ̀ ń dà sínú àgbá fún ọgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà a máa tán, ìyàwó a sì máa pọn omi kànga.

Ìwé àkọsílẹ̀ ti di mẹ́ta báyìí. Nínú ẹ̀kẹta, lábẹ́ owó ewédú, owó yàrá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.