Ọ̀rá Kì í Ṣe Ara Ẹbọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò le rárá, kò sì dìgbà tí èèyàn bá tẹ Ifá kó tó yé e. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni. Mo ń sọ nípa ìdọ̀tí tí àwa oníṣẹ̀ṣe ń fi ọwọ́ ara wa kó lọ sí etí odò, sí ìdí igi àti sí orítà, tí a sì ń pè é ní ẹbọ.

Ẹ lọ sí etí odò èyíkéyìí lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bọ ọ́. Ẹ ò ní bá ẹ̀kọ tàbí àkàrà níbẹ̀, ẹja ti jẹ ìyẹn. Ọ̀rá dúdú ni ẹ ó bá, tó há mọ́ gbòǹgbò igi. Ẹ ó bá ìgò ike tí wọ́n fi gbé oyin wá fún Ọ̀ṣun, tí wọ́n da oyin inú rẹ̀ sómi tán, tí wọ́n sì ju ìgò tẹ̀ lé e. Ẹ ó bá ìgò ọtí tó ti fọ́, tó ń dúró de ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò. Ẹ ó sì bá kànìnkànìn. Èyí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé.

Bí Ifá bá ní kí èèyàn lọ wẹ̀ nínú odò kó sì fi ibi sílẹ̀ níbẹ̀, kànìnkànìn àti ọṣẹ tó lò kì í bá a padà wálé. Òfin àwọn baba wa nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, ara igi ni wọ́n ti ń mú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú ni ọṣẹ, epo àti eérú lásán. Kí òjò mélòó kan tó rọ̀, ilẹ̀ ti gbà á. Kànìnkànìn oníke aláwọ̀ mèremère tòde òní, ẹni tó fi wẹ̀ yóò kú, ọmọ rẹ̀ yóò darúgbó, yóò ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí o ní kí odò bá ọ gbé lọ kò lọ síbì kankan. Ó há sẹ́bàá odò, ó ń wò ọ́ bí o ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kànìnkànìn ìbílẹ̀ ṣì wà lọ́jà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọṣẹ dúdú, kò tíì wọ́n bí wúrà.

Ẹ jẹ́ ká ka ohun ẹbọ bí Ifá ṣe máa ń kà á: ẹyẹlé, àkùkọ, ẹyin adìyẹ, obì, orógbó, epo, iyọ̀, ẹ̀kọ, aṣọ funfun, owó. Èwo nínú wọn ni ilẹ̀ kò lè jẹ? Owó nìkan ni, owó náà kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ babaláwo. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi.) Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dá Ifá, kò tíì sí ọjọ́ kan tí Ifá ní kí n fi ọ̀rá kún ẹbọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rá jẹ́ ohun tí ìyá tó ta obì fún wa fi dì í kó má bàa já sílẹ̀ lọ́nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kí ẹbọ tó bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ funfun náà ńkọ́? Òwú ni aṣọ tí àwọn àgbà ń so mọ́ igi. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa báyìí, ike ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ tanná ràn án. Òwú á jó di eérú bíi bébà. Oníke á yọ́, á sì dì kóró bí ìlẹ̀kẹ̀.

Awo kan tí mo jù lọ́jọ́ orí bi mí léèrè nígbà tí mo sọ báyìí fún un. Ó ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ẹrù ẹbọ kì í bá ẹlẹ́bọ padà wálé? Bí mo bá kó ọ̀rá àti ìgò padà, ṣé n ò ti kó ajogun wọlé nìyẹn?” Ìbéèrè gidi ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń bẹ̀rù ohun kan náà. Mo ní kó tú gbogbo nǹkan kúrò nínú ọ̀rá nílé, kó tó fi kan orí ẹlẹ́bọ, kó tó wúre sí i. Ọ̀rá tí kò dé ojú ẹbọ kò ní ẹrù kankan lára. Kó da oyin sínú igbá kékeré láti ilé. Kó fi ewé eéran tàbí ewé kókò di ẹ̀kọ àti àkàrà. Àkúfọ́ igbá àti àkúfọ́ ìkòkò ni àwọn tó ṣáájú wa fi ń gbé ẹbọ, wọn kì í ra tuntun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun gbà.

Àwọn ará wa ní Brazil ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn Yemọja lọ sójú òkun. Wọ́n ti ń rọ àwọn èèyàn pé òdòdó àti ohun tó lè jẹrà ni kí wọ́n mú wá, kí wọ́n fi ike àti ìgò sílẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀sìn náà ti bá wọn débẹ̀ o.

Ti orítà burú ju ti odò lọ, torí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rá. Bó bá ti gbóòórùn epo àti ẹ̀kọ nínú rẹ̀, á gbé e mì pọ̀. Ọ̀rá á dì sí i nínú, á máa rù títí á fi kú. Àwọn alápatà mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n ń bá a nínú àpòlúkù ẹran. Èyí tí ewúrẹ́ bá fi sílẹ̀, òjò á gbá a sínú gọ́tà. Ará Ìbàdàn tó bá tó mi lọ́jọ́ orí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé, ìdọ̀tí tí wọ́n ti dà dí ojú odò náà sì wà lára ohun tó fà á.

Àwọn kan á ní, kí ni kànìnkànìn kan níwájú ohun tí àwọn awakùsà ń ṣe? Òótọ́ ni pé tiwọn ju tiwa lọ fíìfíì. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Àwọn odò tó ń ṣàn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ń ya wọ inú rẹ̀, omi tó sì ń dé Òṣogbo ti pọ́n bí omi amọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀, hẹ́kítà 75, ni Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún títí ó fi kú ní 2009. UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun má mu omi odò náà. Omi tí àgàn ń bu mu láti rọ́mọ bí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Kí a pariwo lórí ìyẹn, kí a má sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba tí a ní wọ́n ń ba ojúbọ wa jẹ́, wọn á nawọ́ sí ọ̀rá tí àwa fúnra wa kó síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ibi nawọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko lẹ́bàá odò náà, ẹ má fọ ike tí ẹ fi ń fín oògùn apakoríko nínú odò mọ́. Inú oko ni kí ẹ ti ṣàn án, kí ẹ da omi rẹ̀ sórí koríko tí ẹ fẹ́ pa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ewé. Láìsí ewé, kí ni babaláwo fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Olúwo mi, ẹ̀yìnkùlé la ti ń já ohun tí a nílò. Lónìí, ọjà ni mò ń lọ, ìyá eléwé á sì sọ fún mi pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó o wá, ìdí nìyí tó fi wọ́n. Ilé ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igbó, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń já a náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀gànwó. Èèpo rẹ̀ wà nínú àgbo púpọ̀, nítorí náà àwọn kan á bó o yí ká, láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ wọn tó. Igi bẹ́ẹ̀ á gbẹ. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí olùkọ́ báyọ́lọ́jì fi hàn wá: oúnjẹ tí ewé ń fi oòrùn sè, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá bá gbòǹgbò. Ẹni tó bó èèpo yí igi ká ti fún gbòǹgbò lọ́rùn. Olúwo mi kò mọ ìwé, ohun kan náà ló sì sọ: ẹ̀gbẹ́ kan ni kí o ti bó o, kó má fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, má sì padà sídìí igi yẹn títí ojú rẹ̀ yóò fi jiná. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò, mú ti ẹ̀gbẹ́ kan, kí o fi erùpẹ̀ bo ìyókù. Bó bá jẹ́ ewé, má já ọ̀mùnú rẹ̀ tán. Ìbà tí a ń jú kí a tó já ewé, mi ò rò pé igi tí a ti pa ń gbọ́ ọ.

Kí a sì gbìn. Ẹni tó ń gbé yàrá kan nílùú ńlá lè gbin rinrin, òdúndún àti efinrin sínú kóòrò tó ti jò. Ẹni tó ní ọgbà, kí ló ń fi bulọ́ọ̀kù ṣe láyìíká gbogbo rẹ̀? Gé pèrègún, gé akòko, gé ìyeyè, rì wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà òjò, wọn á hù. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí a bá tẹ̀ ní Ifá kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo, igi kan ni yóò gbé lọ. Orógbó ni mo fẹ́ràn láti fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Àwọn ọmọ òde òní kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Kí n tó dánu dúró, ìgún. Àwọn àgbà mọ̀ pé bí ìgún bá bà sídìí ẹbọ, ọkàn ẹlẹ́bọ á balẹ̀. Nígbà èwe mi, kò sí òdú ẹran tí wọn kì í pọ̀ sí. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kọ ìgún tí a mọ̀ nílẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Oró tí wọ́n ń jẹ wà lára ohun tó ń pa wọ́n, oògùn tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe náà sì wà níbẹ̀. Orí ìgún wà lórí àtẹ lọ́jà, ẹ̀yin náà ń rí i. Mi ò rà á, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e wá bá mi. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wá a, ẹ padà bi Ifá bóyá ohun mìíràn wà tó máa gbà. Lọ́wọ́ tèmi, kò tíì ní òun ò gbà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dáhùn ìbéèrè àwọn tó bi mí nípa ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.