KÍ Ẹ TÓ TA ṢỌ́Ọ̀BÙ NÍTORÍ MÁSÍTÀSÌ ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn nínú ọjà báyìí, a ò sì lè dákẹ́ sí i.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ló pè mí jókòó lórí àpótí lọ́jọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ó fẹ́ lọ gba dìgírì kejì nílùú ọba, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Development Studies. Màmá ní, "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní tó bá ti ṣe é tán, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni yóò gbà á síṣẹ́, dọ́là ni yóò máa gbà. Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù yìí ti wà nílẹ̀. Kí n tà á àbí kí n má tà á?"

"Ta ló ní wọ́n máa gbà á síṣẹ́, Màmá?"

"Ajẹ́ńtì ni."

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìlú ọba ló ń san owó fún ajẹ́ńtì lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Ẹni tó ń jẹ èrè lórí ọjà, ṣé òun ni yóò sọ fún yín pé ọjà ọ̀hún ní àlébù?

Kí a má parọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀tàn. Ó dá lórí ìdí tí ìlú kan fi là tí òmíràn fi tòṣì, àti bí omi, ilé ìwòsàn àti owó ìrànwọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Láti 1966 ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wà ní Sussex. Ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí náà, wọ́n ń kọ́ irú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá sì ti ṣe orúkọ nídìí iṣẹ́ ìdàgbàsókè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní Addis Ababa, láti 1975 títí di 1991. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó ti kọ́ni ní Ifẹ̀, ó ti ṣe mínísítà. Òun náà wà lára àwọn tó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973. Ìwé ẹ̀rí nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Àjọ náà fúnra rẹ̀ kò fi bò. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ wọn, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹni tó ní dìgírì kìíní, tó tún fi ọdún méjì iṣẹ́ kún un, àwọn lè gbà á ní ipò ẹni tó ní másítàsì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní oríléeṣẹ́ wọn ní New York, kọ́bọ̀ wọn kì í san fún wọn.

Ó yá, ọlọ́jà ló mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí a ṣirò. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan ṣoṣo sábà máa ń wọ 20,000 pọ́n-ùn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tán síbẹ̀. Kí ọmọ tó rí físà gbà, ìjọba wọn fẹ́ rí owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án ní báńkì, kó sì ti pé ọjọ́ 28 níbẹ̀. Ní 2025, owó oṣù kan ju 1,100 pọ́n-ùn lọ fún ẹni tí kò ní gbé Lọ́ńdọ̀nù. Owó ìwòsàn tún jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún. Pọ́n-ùn kan lọ́dún náà sì ń lọ sí bíi 2,000 náírà. Ẹ pa á pọ̀: nǹkan bí 60 mílíọ̀nù náírà, a ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù!

Ajẹ́ńtì ní kí Màmá san ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́ ná, ọmọ á máa ṣiṣẹ́ san ìyókù. Wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ní 2025, láti oṣù kẹrin, owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21 jẹ́ pọ́n-ùn 12 àti pẹ́nì 21 fún wákàtí kan. Lọ́nà 20, ó jẹ́ nǹkan bí 244. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò pé 1,000. Ìjọba wọn sì ti ní owó tó ju 1,100 lọ lèèyàn máa ná lóṣù! Níbo ni owó ilé ẹ̀kọ́ yóò ti jáde?

Bí mo ṣe ṣí i fún Màmá báyìí, ó tú gèlè, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mi ò jẹ́ ta ọ̀pá aṣọ kan kí n má mọ èrè orí ẹ̀!"

Ẹni tó bá ti lọ́kọ tàbí láya tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó lọ ṣe irú másítàsì yìí kò lè kó ẹbí dání mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Sìkọ́láṣípù Chevening, tí ìjọba ìlú ọba dá sílẹ̀ ní 1983, ń san owó ilé ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ àti tíkẹ́ẹ̀tì lílọ bíbọ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, gbájúẹ̀ ni. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń bèèrè, bí ọdún méjì nìyẹn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì tó bá parí. Jámánì náà ní tiwọn lọ́wọ́ DAAD fún irú ẹ̀kọ́ yìí gan-an, ọdún méjì iṣẹ́ náà ni. Ti Commonwealth Shared wá dùn mọ́ mi jù: wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó náà ni àwọn ń wá. Ẹ ò rí i bí? Ohun tí ìyá fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù fi pamọ́, òun gan-an ni wọ́n ń bèèrè.

Mi ò ní ó rọrùn o. Àwọn tó ń du ú pọ̀ bí eṣú. Ọmọ lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má rí i.

Ohun kan tún wà tí ajẹ́ńtì ò sọ. Ọjà iṣẹ́ náà ti tutù. USAID ti Amẹ́ríkà, tó ti ń náwó káàkiri ayé láti 1961, wọ́n tì í pa ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025. Ìjọba ìlú ọba náà kéde ní 2025 pé àwọn yóò dín owó ìrànwọ́ kù títí di 2027. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀hún ló ń wá iṣẹ́ kiri báyìí. Àwọn ni ọmọ tuntun yóò bá du àyè.

Mo wá kọjú sí ọmọ náà, tó ti dákẹ́ látàárọ̀. Mo ní kí ló ṣe nígbà tó ń sìnlú. Ó ní abúlé kan ní Násáráwá ni wọ́n gbé òun lọ. Ẹ̀rọ omi wọn ti bàjẹ́. Òun àti àwọn obìnrin ibẹ̀ dá owó jọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó àtúnṣe.

"Ṣé ajẹ́ńtì bi ọ́ nípa èyí?"

"Rárá o, sà. Ìwé owó báńkì Màmá nìkan ló bèèrè."

Ìyá ẹ̀ kọ háà! Kò mọ̀ pé ọmọ òun ṣe irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo kọjá ní Gbági lọ́sẹ̀ tó lọ, ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí. Ọmọ ti ríṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò omi fún àwọn abúlé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ Sátidé ló máa ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Ó ní tí fọ́ọ̀mù bá jáde, òun á kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù ti gba ibòmíràn lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba irú sìkọ́láṣípù yìí rí, tàbí tí ajẹ́ńtì ti jẹ owó yín mọ́lẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé lẹ́tà.