Arthur Samuel àti Ẹ̀rọ Tí Ó Kọ́ Ara Rẹ̀ ní Dráfù

Ní ọdún 1843, obìnrin ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ada Lovelace, kọ̀wé nípa ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage ń pète àtiṣe, ó ní ẹ̀rọ náà kò lè dá ohunkóhun sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé kìkì ohun tí a bá mọ bí a ti í pàṣẹ rẹ̀ fún un ni yóò máa ṣe. Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jà á níyàn. Àbí ta ni ó rí i rí kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère tán, kí ère sì dìde kí ó máa kọ́ agbẹ́gilére níṣẹ́? Alan Turing, àgbà onímọ̀ ìṣirò nì, fi àlàyé jà á níyàn ní ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò fi ẹnu jà, tí ó jẹ́ pé pákó dráfù ni ó gbé kalẹ̀, tí ó sì ní kí ẹ̀rọ jókòó tì í. Òun ni Arthur Samuel, ẹni tí mo rò pé òkìkí rẹ̀ kò tó iṣẹ́ rẹ̀ rárá láàárín àwọn tí ó kọ́kọ́ wá ọgbọ́n àtọwọ́dá kiri.

Ìlú Emporia ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ti bí Samuel ní ọdún 1901, iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó sì kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí kíkan kọ̀ǹpútà kan. Àmọ́ owó kò sí, a kò sì lè fi ẹnu lásán kan ẹ̀rọ. Ó wá rò ó pé bí òun bá lè kọ ètò iṣẹ́ kan tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà kékeré kan ta dráfù dáadáa, kí ó sì na ọ̀ta kan ní gbangba, òkìkí rẹ̀ yóò kàn, owó yóò sì wọlé. Ó ti dá a lójú pé dráfù kò lè ṣòro. Ẹni tí kò bá jókòó ti àwọn ọ̀ta rí ni yóò rò bẹ́ẹ̀, nítorí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ dráfù lè gbà dúró lórí pákó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé 5 ni a óò kọ, tí a óò sì to òdo 20 tẹ̀ lé e, kí a tó súnmọ́ iye wọn. Kò rí owó náà, kò sì kan kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n dráfù kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1949 ó dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ IBM ní Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí ó sì di ọdún 1952, ètò tí ó kọ ti ń ta dráfù lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní 701. (Ní ọdún kan náà, Christopher Strachey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi kọ̀ǹpútà Yunifásítì Manchester ta dráfù tirẹ̀, ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan.) Yíyá ni IBM ń yá àwọn oníbàárà ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fún owó tabua, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan máa fi í ṣeré lójú ọ̀sán gangan. Òru ni Samuel ń lò, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn bá wà lórí ìdúró fún àyẹ̀wò, tí àwọn tí ó ni iṣẹ́ ọ̀sán sì ti lọ sùn.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe ń ta dráfù? Ohun àkọ́kọ́ ni wíwo iwájú: bí mo bá sún ọmọ yìí, kí ni ọ̀rẹ́ mi yóò fi dá mi lóhùn, bí ó bá sì dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, kí ni n óò tún ṣe? Ẹ̀rọ Samuel a máa wo nǹkan bí ìsún 3 síwájú, a sì máa wò jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá rí i pé ọmọ fẹ́ kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwoye bá dúró sí, dandan ni kí ó lè wo pákó kí ó sì mọ̀ bóyá ọ̀nà rere ni òun wà tàbí ọ̀nà ìparun, ibí sì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, nítorí Samuel fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ta, a kò sì lè fúnni ní ohun tí a kò ní. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó kó àmì 38 jọ tí ènìyàn lè fi mọ bí pákó ti rí: ta ni ó jókòó sí àárín, ta ni ó rí àyè sún sí, ta ni ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi 16 nínú wọn sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí 22 dúró dè wọ́n, ó sì pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa wá èyí tí ó wúlò àti ìwọ̀n tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí kò bá níláárí bọ́ sẹ́yìn, kí òmíràn sì gba ipò rẹ̀.

Lọ́wọ́ ta ni yóò ti kọ́ ọ? Lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Samuel pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀nà méjì, ó pe ọ̀kan ní Alpha, ó pe èkejì ní Beta, ó sì kọjú wọn síra. Alpha a máa tún ìdíwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan. Beta kì í yí tirẹ̀ padà títí ayò yóò fi parí. Bí Alpha bá jẹ, Beta a gba ọgbọ́n Alpha, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí Alpha bá wá ń kùnà léraléra, ó hàn pé ọ̀nà tí kò já síbì kan ni ó gbà, Samuel a sì ní kí a pa àmì tí ó gbára lé jù lọ rẹ́ pátápátá, kí ó lè wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rọ yìí ni ó fi òru mélòó kan ní àkísà tí ènìyàn ń fi ọdún gbọọrọ ní.

Ó tún ní ọ̀nà kejì, èyí tí ó wù mí jù lọ láti ròyìn, nítorí kò jọ ohun tí à ń retí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa há ojú pákó tí ó ti rí rí sórí, nǹkan bí 53,000 ni ó sì wà lórí téèpù. Ṣùgbọ́n àyè inú téèpù ní òpin. Nítorí náà Samuel fún ìrántí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ orí: bí ó ti ń pẹ́ tí a kò pè é, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dàgbà, bí a bá pè é lò, ọjọ́ orí rẹ̀ a dín sí ìlàjì, èyí tí ó bá gbó kọjá ààlà, ẹ̀rọ a gbàgbé rẹ̀. Ìgbàgbé tí gbogbo wa ń bú, òun ni ọkùnrin yìí sọ di apá kan ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1959 ó tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìmọ̀ IBM, ó sì sọ níbẹ̀ pé láàárín wákàtí 8 sí 10 tí ẹ̀rọ bá fi ta dráfù, ó lè mọ̀ ọ́n ta ju ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, IBM kò dúró de ìròyìn yìí kí ó tó pariwo. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni a fi ń bò ó jẹ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà gbé tirẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1956. A sì gbọ́ pé Thomas Watson, ọ̀gá àgbà wọn, sọ tẹ́lẹ̀ pé iye ṣíà IBM yóò fò sókè, ó sì fò. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé péjọ sí Dartmouth láti dá ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀. Samuel wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wá ẹ̀rí ìṣirò ni ojú ń wò jù.

Ní ọdún 1960, Norbert Wiener, àgbà onímọ̀ ìṣirò, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ó yẹ kí a bẹ̀rù ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́, pé ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Dráfù Samuel sì wà lára àwọn ẹ̀rí tí ó tọ́ka sí. Ènìyàn lè rò pé inú Samuel yóò dùn pé wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bani. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó fèsì nínú ìwé ìròyìn kan náà pé ẹ̀rọ kì í ṣe àǹjọ̀nnú, kò ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, ète tí ènìyàn bá fi síbẹ̀ ni ó ń lépa. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ti ìfẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wiener kò ṣeé gbé jù sí ẹ̀yìn ilé, nítorí ẹni tí a ń nà nínú ayò tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ni kò lè sọ ìsún tí ó kàn.

Òkìkí náà wá kọjá ìwọ̀n. Ní ọdún 1962 ẹ̀rọ náà na Robert Nealey, afọ́jú kan tí ó mọ dráfù ta ní Connecticut, nínú ayò ẹyọ kan, àwọn ènìyàn sì ń kéde pé ọ̀rọ̀ dráfù ti parí. Kò parí rárá. Nígbà tí wọ́n tún un ta ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nealey kò pàdánù ẹyọ ayò kan. Ní ọdún 1966, Walter Hellman àti Derek Oldbury, ọ̀ta tí ó pegedé, ta mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ Chinook, tí Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, ni ó gba ipò ọ̀gá ayé ní ọdún 1994, ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n sì fi tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdíwọ̀n rẹ̀ ṣe, wọn kò fi í sílẹ̀ kí ó kọ́ ara rẹ̀ bí Alpha. Ó di ọdún 2017 kí ọ̀nà Samuel tó fi ara hàn ní kíkún, nígbà tí ẹ̀rọ AlphaGo Zero ti ilé iṣẹ́ DeepMind ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọjọ́ 3 ta ayò Go pẹ̀lú ara rẹ̀ nìkan, tí ó sì fi ìgbà 100 na ẹ̀rọ tí ó ti na ọ̀ta Lee Sedol, láìpàdánù ẹyọ kan.

Samuel kò sí láyé láti rí i. Ó kú ní ọdún 1990. Ó ti fi IBM sílẹ̀ ní ọdún 1966, ó lọ sí Yunifásítì Stanford, níbi tí ó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ogbó. Ní ọdún 1983, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó kọ ìwé kékeré kan tí ó fi ń kọ́ àwọn òpè ní bí wọn yóò ṣe máa fi ètò TeX to ìwé fún ìtẹ̀.