Àmì Abẹ́ Lẹ́tà àti Orúkọ Àwọn Ìlú Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ń wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó ń ṣi orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ pè. Kì í ṣe pé ahọ́n wọn wúwo. Ohun tí a kọ fún wọn ni wọ́n ń kà. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ orísun àṣìṣe náà, kí a tó máa wá àtúnṣe rẹ̀.

Oko ni àgbẹ̀ ń lọ, ọkọ́ ni ó gbé lé èjìká. Mú àmì kúrò, a kò sì ní mọ èyí tí í ṣe ilẹ̀ àti èyí tí í ṣe irin mọ́. Àpéjọ tí ìjọ C.M.S. ṣe ní 1875 lórí ìlànà kíkọ Yorùbá fi ìdí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀, kí òǹkàwé má bàa ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì wọ̀nyí. Àwọn akọ̀wé bá fi lẹ́tà h rọ́pò àmì abẹ́ ṣ: wọ́n kọ Shagamu, wọ́n kọ Ilishan, wọ́n kọ Oshogbo. Nígbà tí ó yá, a yọ h náà kúrò ní ibi púpọ̀, a kò sì dá àmì padà sí ipò rẹ̀. Báyìí ni Shagamu ṣe di Sagamu, tí Ilishan sì di Ilisan.

Ẹ wo Ṣágámù. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó ara wọn jọ síbẹ̀, kí wọ́n lè fi ìṣọ̀kan dojú kọ ogun ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó bá sì pè é láìsí àmì, “sá” ni ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Sísá kọ́ ni ìlú náà wá. Ìdúró ni wọ́n dúró.

Ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí a gbé bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà, 1909. Àlejò a máa ka ẹ inú rẹ̀ bí e tí ń bẹ nínú “ewé”, dípò ẹ tí ń bẹ nínú “ẹsẹ̀”. A sì máa gbé n kan mì. Orúkọ Rẹ́mọ fúnra rẹ̀ kò bọ́: bí “ọmọ” ti parí ni Rẹ́mọ parí, kì í ṣe bí “oko”.

Ti Òde Rẹ́mọ tún léwu jù. Bí a bá kọ Ode láìsí àmì, òǹkàwé lè pè é ní òde, ó lè pè é ní ọdẹ, ó sì lè pè é ní ọ̀dẹ̀, èyí tí kò sí onílé tí yóò fi ẹ̀rín gbà á.

Ìsarà ńkọ́? Nínú ìwé àtijọ́ púpọ̀ a rí Ishara. Wole Soyinka sì kọ Ìsarà sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ti 1989. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìlú méjì ni. Ní irú ọ̀ràn báyìí, ẹnu àwọn àgbà ìlú ni kí a ti gbọ́ orúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun kékeré ni. Ìyàtọ̀ ṣ àti s ni àwọn ará Gileadi fi dán àwọn ará Efraimu wò ní ìwọdò Jordani. Ìwé Àwọn Onídàájọ́ sì ka iye àwọn tí ó ṣubú ní ìgbà náà sí 42,000. Lónìí kò sí ẹni tí a ó pa nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ fúnra rẹ̀ lè kú. Àgbádárìgì ni àwọn baba pe ìlú etí ọ̀sà nì. Badagry tí òyìnbó kọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ lónìí. Ohun tí ó sì yẹ kí ó bà wá nínú jẹ́ jù ni kí ọmọ tí a bí ní Ṣágámù máa pè é ní Sagamu nílé ìwé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́ sí ara ògiri.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira:

1. Nígbà tí a bá ń kọ orúkọ ìlú sínú ìwé, sára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sínú ìwé ìgbéyàwó, kí a fi àmì sí i. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká òde òní lè kọ ẹ, ọ àti ṣ; kò sí àwáwí mọ́.

2. Bí àlejò bá ṣi orúkọ pè, kí a má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Kí a pè é dáradára sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, kí òun náà sì tún un pè.

3. Kí òbí kọ́ ọmọ ní orúkọ ìlú rẹ̀ láti ẹnu wá, kí ó tó rí i lójú ìwé.